Ẹ Má Fi PPTP So Ọ́fíìsì Ẹnikẹ́ni Pọ̀ Mọ́

Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ náà di tiwa. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù fóònù rẹ̀ ti ń bi ará ilé pé VPN wo ló dára jù. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ìjọba ṣí i padà. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí VPN gbé wọ̀lú nígbà náà kò tíì kúrò lára rẹ̀: ohun tí èèyàn ń tẹ̀ lórí fóònù kó lè gba ibi tí wọ́n dí kọjá.

Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá díẹ̀ nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, pe ọ̀kan nínú wa lákòókò tí a ń ṣe IT, tí wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, VPN wa tún ti já o." Kì í ṣe ti Twitter ni wọ́n ń sọ. Ọ́fíìsì méjì ni ẹgbẹ́ náà ní, ọ̀kan ní Ìbàdàn, ọ̀kan ní Ọ̀yọ́. Kọ̀ǹpútà tí ìwé owó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, VPN sì ni àwọn ti Ọ̀yọ́ fi ń wọ inú rẹ̀ láti kọ owó tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Tó bá ti já, ìwé àti bírò ni, lẹ́yìn náà fọ́tò lórí WhatsApp, lẹ́yìn náà àríyànjiyàn lórí bóyá 1 ni wọ́n kọ síbẹ̀ àbí 7.

A lọ. Wọn kò pè wá nítorí ààbò. Bó ṣe ń já ló ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ráútà Ìbàdàn, a rí i pé PPTP ni wọ́n fi so ó, páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ sì ni orúkọ ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú 123 lẹ́yìn. Bọ̀dá tó bá wọn ṣe é ti lọ sí Kánádà. A pè wọ́n, wọ́n dá wa lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, wọ́n ní, "Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́?" A kò bá wọn jà. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n kọ́ àwa náà. Nínú nóòtì tí a fi ṣe ìdánwò, PPTP ló wà lókè pátápátá nínú oríṣi VPN, L2TP tẹ̀lé e, gbogbo wọn tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà, kò sì sí èyí tí wọ́n sọ pé ó ti kú. A há a sórí, a kọ ọ́, a gba máàkì.

Èrò wa nìyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ kí ẹ tó ka ìyókù. Ẹni tó bá ń fi PPTP so ọ́fíìsì méjì pọ̀ lónìí ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ kó gba owó lé lórí. Fún ọ́fíìsì kékeré méjì tàbí mẹ́ta, WireGuard ló yẹ. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ẹni tó ń gba owó oṣù nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan lè lo IPsec pẹ̀lú IKEv2, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya VPN orí fóònù sọ́tọ̀ ná. Ìyẹn ń gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí sáfà ilé-iṣẹ́ kan, ibẹ̀ ló ti ń jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. VPN ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì kì í jáde sí ibì kankan. Ráútà méjì ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ti Ọ̀yọ́ á gba ohun tí kọ̀ǹpútà akápò fẹ́ fi ránṣẹ́, á sọ ọ́ di àdìtú, á fi í sínú àpò tí a kọ àdírẹ́sì ráútà Ìbàdàn sí lára, á sì jù ú sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Ìbàdàn á tú u. Akápò kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀; lójú tirẹ̀, àfi bí ẹni pé kọ̀ǹpútà Ìbàdàn wà ní yàrá kejì. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà àti ẹnikẹ́ni tó bá dúró lójú ọ̀nà, àpò nìkan ni wọ́n ń rí. Ìbéèrè tó kù ni pé ta ló lè tú àpò náà, báwo sì ni ráútà méjèèjì ṣe mọ̀ pé ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe olè.

Ìbéèrè kejì yìí ló gbé PPTP ṣubú. Ọdún 1999 ni wọ́n tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ jáde, Microsoft sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Kódà ní 1998, Bruce Schneier àti ẹni tí wọ́n ń pè ní Mudge ti kọ̀wé pé bí Microsoft ṣe ṣe é kò dára. Microsoft tún un ṣe, wọ́n pe àtúnṣe náà ní MS-CHAPv2. Ní ọdún 2012, Moxie Marlinspike àti David Hulton dìde níbi ìpàdé DEF CON ní Las Vegas, wọ́n sì fi han gbogbo ayé pé àtúnṣe náà kò ràn án.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí, nítorí apá yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì. Nígbà tí ráútà Ọ̀yọ́ bá fẹ́ wọlé, ti Ìbàdàn á ju ìbéèrè kan sí i. Láti inú páásíwọ́ọ̀dù ni ti Ọ̀yọ́ ti ń fa nọ́ńbà kan yọ, báìtì 16 ni, òun ló sì fi ń ṣe ìṣirò lórí ìbéèrè náà kó tó dá èsì padà. Wọ́n á gé báìtì 16 yìí sí mẹ́ta: 7, 7, àti 2 tó ṣẹ́kù, tí wọ́n á fi òdo kún. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kọ́kọ́rọ́ fún àgádágodo DES kan. Àgádágodo kẹta, tó ní báìtì méjì péré, kò ju 65,536 kọ́kọ́rọ́ lọ. Fóònù ọwọ́ yín lè dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó pajú dé. Méjì tó kù tóbi gan-an, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń tì pa, nítorí náà kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn bá dán wò fún ọ̀kan, ó ti dán an wò fún èkejì náà. Ó wá ku iṣẹ́ DES kan ṣoṣo, DES tí àwọn èèyàn ti kọ́ ẹ̀rọ láti fi já láti 1998. Ẹ̀rọ tí Hulton lò ń parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Tó bá sì ti parí, olè náà kò nílò páásíwọ́ọ̀dù mọ́. Nọ́ńbà báìtì 16 yẹn ló ń fi wọlé, òun náà ló sì ń fi tú gbogbo àpò tó ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé gígùn páásíwọ́ọ̀dù kò wọ inú ìṣirò yìí rárá. Nígbà tí a sọ fún akọ̀wé pé 123 yẹn burú, wọ́n ní kí a yí i padà sí èyí tó gùn. A ní, "Mà, tí a bá fi odindi ìwé Sáàmù ṣe páásíwọ́ọ̀dù, ọjọ́ kan náà ló máa gbà wọ́n." Wọ́n wò wá títí. Àwa náà wo ara wa, nítorí títí di ọ̀sẹ̀ yẹn, páásíwọ́ọ̀dù gígùn ni gbogbo ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn èèyàn.

Microsoft fúnra wọn kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ní 2016, Apple yọ ọ́ kúrò nínú iOS 10 àti macOS Sierra. Síbẹ̀ ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà: ẹ fi àmì sí àpótí kan, ẹ kọ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ó tán. Ìrọ̀rùn yẹn ló mú kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn.

Kí ló wà nínú àpò náà? Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, BVN, iye tí oníkálukú ti fi pamọ́, ẹni tó yáwó, ẹni tó dúró fún un. Ẹ̀yin tí ìyá yín ń dá àjọ tàbí tó wà nínú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí aládùúgbò mọ iye tí èèyàn jẹ. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ní kí ẹni tó ń tọ́jú irú nǹkan báyìí dáàbò bò ó, tó bá sì jò lọ́nà tó lè pa àwọn tó ni ín lára, kó fi tó àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà létí láàárín wákàtí 72. Akọ̀wé kò tíì gbọ́ nípa òfin yìí rí. Ìyẹn ló bí wa nínú jù. Àwọn tó ni owó yìí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan fi àmì sí àpótí yẹn, kò sì sí ẹni tó máa bi wọ́n.

Ní ti L2TP, kò ní àdìtú kankan nínú ara rẹ̀. IPsec ni wọ́n máa ń wọ̀ fún un bí aṣọ. Bó bá jẹ́ pé IPsec náà lẹ máa lò níkẹyìn, ẹ kúkú lo IPsec. OpenVPN, tí James Yonan gbé jáde ní 2001, ṣì dára, ó sì ń wúlò gan-an níbi tí wọ́n bá ti dí UDP, torí ó lè gba TCP 443 kọjá. A ò bá a ṣọ̀tá. Ó kàn wúwo fún ráútà kékeré ni, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì lè parí ọjọ́ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé tí gbogbo èèyàn ti tò síwájú káńtà.

Ìjà gidi wà láàárín IPsec àti WireGuard, inú wa níbí ló sì ti bẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti jáde, tó ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní báǹkì, ka ọ̀rọ̀ yìí kí a tó gbé e síta. Wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe wá. Wọ́n ní ọ́fíìsì tó ní Cisco lè fi IPsec bá èyí tó ní Huawei tàbí Fortinet sọ̀rọ̀ láìsí wàhálà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí, wọ́n sì lè fagi lé e bí òṣìṣẹ́ bá lọ. Àwọn ọ́dítọ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àdìtú ChaCha20 tí WireGuard ń lò kò sí lára èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún iṣẹ́ ìjọba wọn, báǹkì tó bá ní irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kò sì lè fojú fò ó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, a kò jiyàn ẹyọ kan.

Èsì wa kò ju èyí lọ: ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin kọ́ ló máa wà ní Ọ̀yọ́. IPsec fẹ́ kí ráútà méjèèjì fẹnu kò lórí nǹkan tó pọ̀: oríṣi àdìtú, ìṣirò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò pé wọn kò fọwọ́ bà á, ẹgbẹ́ Diffie-Hellman, iye wákàtí tí kọ́kọ́rọ́ máa lò, àdírẹ́sì tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, kò ní so, ohun tí ráútà á sì sọ fún yín kò ní ju pé wọn kò fẹnu kò. A ti rí ohun tí èèyàn ń ṣe ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ tán. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àkójọ náà títí ó fi dé 3DES, MD5 àti ẹgbẹ́ 2, ó so, ó lọ sílé. Bíìtì 1024 ni ẹgbẹ́ 2; àwọn tó ṣe ìwádìí Logjam ní 2015 ti sọ pé irú rẹ̀ wà ní ìkáwọ́ ìjọba tó bá lówó lọ́wọ́. Ẹlòmíràn á lo IKEv1 ní aggressive mode pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí kan ṣoṣo, níbi tí àlejò lásán ti lè gba èsì kan lọ sílé, kó máa fara balẹ̀ méfò ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi bá a. IKEv2 ti wà láti 2005, àwọn IETF sì kéde ní 2023 pé kí a pa IKEv1 tì, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nínú àkójọ náà, ó ń dúró de ẹni tó ti rẹ̀.

IPsec tí ẹni tó mọ̀ ọ́n tò, pẹ̀lú IKEv2, AES-GCM, ẹgbẹ́ 14 sókè àti ìwé ẹ̀rí dípò ọ̀rọ̀ àṣírí, a lè fi owó ìyá wa sínú rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tò yẹn ni kò sí.

WireGuard, tí Jason Donenfeld kọ, kì í fún èèyàn ní yíyàn. Curve25519, ChaCha20-Poly1305, BLAKE2s: ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀. Nígbà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2017, kóòdù rẹ̀ kò tó 4,000 ìlà, yàtọ̀ sí apá ìṣirò àdìtú. Ní oṣù kẹta ọdún 2020 ó wọ inú Linux 5.6. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan fún àṣírí, ọ̀kan fún gbangba. Ẹ fi ti gbangba Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn, ti gbangba Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó bá wá kan ilẹ̀kùn, kò ní gbọ́ ohùn kankan, àfi bí ilé ahoro. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ 123.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í parí ọjọ́. Ẹni tó bá da fáìlì rẹ̀ kọ ti di ráútà Ọ̀yọ́ nìyẹn, títí ẹnì kan yóò fi yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá sì rí ihò nínú àdìtú rẹ̀ lọ́la, gbogbo wa la jọ máa pààrọ̀ ẹ̀dà. Fún ẹgbẹ́ kékeré, a rò pé ìyẹn sàn ju kí wọ́n máa yan MD5 fúnra wọn.

Bí a ṣe wá ṣe é nìyí. MikroTik ló wà ní ọ́fíìsì méjèèjì, ẹ̀dà 6 sì ni. Ẹ̀dà 7 ló ní WireGuard, nítorí náà a kọ́kọ́ gbé wọn sókè. Àdírẹ́sì 192.168.1 ni wọ́n ń lò ní Ìbàdàn, òun náà ni wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́, ráútà kò sì lè mọ èyí tó jẹ́ ti ilé àti èyí tó jẹ́ ti òde. A yí ti Ọ̀yọ́ padà sí 192.168.20. Gbogbo nǹkan lọ dáadáa àyàfi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí a fi odindi ọ̀sán kan wá. (Ẹ kọ àdírẹ́sì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ ṣáà gbà wá gbọ́.)

Jíjá tí wọ́n torí rẹ̀ pè wá wá tán fúnra rẹ̀. Símù ni wọ́n ń lò ní Ọ̀yọ́, ilé-iṣẹ́ símù sì máa ń fi àdírẹ́sì kan ṣe ti ọ̀pọ̀ èèyàn. GRE tí PPTP fi ń gbé ẹrù kò ní nọ́ńbà pọ́ọ̀tù tí irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń mọ ẹni tó ni ẹrù, ibẹ̀ ló ti ń sọnù. Pọ́ọ̀tù UDP kan ṣoṣo ni WireGuard ń lò, a sì ní kó máa kí Ìbàdàn ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra kí ọ̀nà má bàa pa dé. Ìbàdàn ní àdírẹ́sì tirẹ̀ gangan. Ká ní kò ní ni, à bá ti yá sáfà kékeré kan sáàárín wọn, Èkó la sì máa yá a sí. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí WACS, MainOne, SAT-3 àti ACE já lábẹ́ òkun ní ìhà Abidjan. Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Lọ́ńdọ̀nù. Kò yẹ kí wáyà inú òkun dí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn èyí la wá rí ohun tó dẹ́rù bà wá jù. Orúkọ méjì ló wà nínú PPTP àtijọ́: ti Ọ̀yọ́, àti ti bọ̀dá tó lọ sí Kánádà. Ó ṣì ṣí sílẹ̀. A tún pè wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. A gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n irú orúkọ ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi wọ ilé-iṣẹ́ Colonial Pipeline ní Amẹ́ríkà ní 2021: VPN tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, páásíwọ́ọ̀dù nìkan, kò sí ìdánimọ̀ kejì. Wọ́n pa ọ̀nà epo fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì san dọ́là tó tó mílíọ̀nù 4.4 fún àwọn olè náà. Oríṣi VPN tó dára jù láyé kò ní gba ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ orúkọ tí wọn kò yọ. Nítorí náà a kò jẹ́ kí Ọ̀yọ́ rí gbogbo Ìbàdàn mọ́. Kọ̀ǹpútà ìwé owó nìkan ni wọ́n lè dé, pọ́ọ̀tù kan ṣoṣo, bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ kọ̀ǹpútà ẹnì kan ní Ọ̀yọ́, kó má rí ọ̀nà gba ibòmíràn lọ.

Ó ku ibi tí a máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí. Akọ̀wé ní kí a fi ránṣẹ́ sí àwọn lórí WhatsApp. A ní rárá, mà. A kọ ọ́ sínú ìwé, a fi ìwé sínú àpòòwé méjì, a lẹ̀ wọ́n pa, alága buwọ́ lù wọ́n lẹ́yìn. Ọ̀kan wà nínú séèfù ní Ìbàdàn, èkejì wà lọ́wọ́ akápò ní Ọ̀yọ́. A pa PPTP lójú gbogbo wọn. Àdéhùn wa ni pé lọ́dọọdún, àti ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni tó mọ ráútà náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnì kan á pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, á sì ya àpòòwé àtijọ́. Wọ́n bi wá pé ta ni ẹni náà. Méjì nínú wa ń lọ sìnrú ìlú lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà a ń kọ́ akápò Ọ̀yọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọn kò bi wá ní nǹkan kan.